Àwọn òkè, omi àti igbó ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn òkè, omi àti igbó ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn ibi tí ìrísí ilẹ̀ wọn yàtọ̀ sí ti àyíká wọn, tí àwọn ará ìlú sì ti yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà, fún ìrántí àwọn baba ńlá wọn, tàbí fún ìdí méjèèjì. Lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, Òkè Adó ní Adó-Àwáyè, Òkè Ìdànrè, omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì, omi Olúmìrin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Lónìí, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń lọ wò wọ́n láti ilé àti láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìrìnàjò afẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ ní orúkọ. Ibi ìsádi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn nígbà ogun; àwọn mìíràn sì jẹ́ orísun omi tí ìlú ń mu tàbí ibi tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀. Èèwọ̀ tí àwọn ará ìlú gbé ró yí wọn ká ni ó dáàbò bò wọ́n kí òfin ìjọba tó dé.

Ìrísí ilẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé ní Àgídìngbì, ní agbègbè ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkẹjà àti Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò lè rí àpáta ní àyíká rẹ̀ àfi èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kó wá fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé orí ìpele iyanrìn àti amọ̀ ni gbogbo agbègbè Èkó wà. Omi ni ó kó iyanrìn àti amọ̀ yìí jọ ní etí òkun láti ìgbà pípẹ́ wá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ìhà àríwá, ìpele yìí ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Ní agbègbè Abẹ́òkúta ni ìpìlẹ̀ àpáta àtijọ́ ti yọrí síta.

Ìpìlẹ̀ àpáta yìí ni ó gba abẹ́ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Akọ òkúta tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní girénáìtì wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni púpọ̀ nínú akọ òkúta yìí dì láti inú òkúta yíyọ́ tí ó gbóná gidigidi ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, òjò, oòrùn àti ọ̀gbàrá fọ ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ lọ. Ibi tí òkúta náà ti ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ sísán, omi wọ inú rẹ̀ ó sì jẹrà. Ibi tí sísán rẹ̀ kò pọ̀, ó dúró gbọn-in. Àwọn ibi tí ó dúró gbọn-in yìí ni ó di òkè àdádúró tí a ń rí lónìí, tí ẹ̀gbẹ́ wọn dà bí ògiri, tí orí wọn sì ń dán.

Irú òkè bẹ́ẹ̀ ní ohun mẹ́ta tí ìlú nílò nígbà ìjà. Ó ga tó láti rí ọ̀tá lókèèrè. Ó ní ihò àti abẹ́ àpáta tí ènìyàn lè sá sí. Bẹ́ẹ̀ ni omi òjò máa ń dúró nínú kòtò orí rẹ̀, nítorí pé akọ òkúta kì í fa omi mu. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun abẹ́lé gba ilẹ̀ Yorùbá kan lẹ́yìn ìṣubú Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn ohun mẹ́ta yìí ran àwọn ìlú kan lọ́wọ́ láti yè.

Àwọn òkè àti àpáta

Òkè Olúmọ

Òkè Olúmọ wà ní àárín ìlú Abẹ́òkúta, olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Gíga rẹ̀ jẹ́ 137 mítà láti ìpele òkun. Nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, lẹ́yìn tí ogun ti tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìletò wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Abẹ́ àpáta náà ni wọ́n fi ṣe ilé, láti inú èyí sì ni orúkọ ìlú wọn ti jáde: abẹ́ òkúta. Àwọn Òwu dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Títí di òní, ìlú náà ń ka ara rẹ̀ sí àpapọ̀ Ẹ̀gbá Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu.

Ìtumọ̀ méjì ni àwọn ará ìlú máa ń fún orúkọ Olúmọ. Èkíní ni pé Olúwa ni ó mọ àpáta náà, bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Èkejì ni pé ìyà àwọn Ẹ̀gbá mọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé kò kọjá ibẹ̀ mọ́. Ohùn àárín ni ọ̀rọ̀ ìṣe méjèèjì ní, nítorí náà etí kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìtàn nìkan ni ó lè sọ èyí tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn.

Lábẹ́ àpáta náà, àwọn yàrá tí àwọn asásàálà gbé ṣì wà níbẹ̀, àwọn kòtò kéékèèké tí wọ́n fi ń lọ oúnjẹ sì wà lára òkúta. Ojúbọ Olúmọ wà ní ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ojúbọ òrìṣà mìíràn, a sì ń bọ wọ́n títí di ìsinsìnyí. Ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àpáta yìí lé àwọn ọmọ ogun Dahomey padà ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864. Ní ọdún 1859, níbẹ̀ ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 2006, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tún àyíká àpáta náà ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀rọ agbéniròkè sí i fún àwọn tí kò lè gun àtẹ̀gùn.

Òkè Ìbàdàn

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe sọ, Lágelú ni ó tẹ Ìbàdàn dó. Nígbà tí àwọn ọ̀tá pa ìlú náà run nítorí pé wọ́n tú àṣírí egúngún ní ọjà, Lágelú àti àwọn tí ó ṣẹ́kù sá gun òkè kan. Èso òro àti ìgbín ni wọ́n jẹ níbẹ̀, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Ìyà àti ìgbàlà yìí ni ọdún Òkèbàdàn ń rántí lọ́dọọdún. Ojú kì í tètè rí Òkè Ìbàdàn láàárín ilé, ṣùgbọ́n ìlú ńlá tí ó yí i ká ṣì ń ka òkè náà sí ìyá tí ó gbà wọ́n là.

Òkè Adó

Òkè Adó wà ní ìlú Adó-Àwáyè, nítòsí Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àtẹ̀gùn 369 ni a kọ́ fún àwọn tí ń gùn ún. Adágún omi kan tí ń jẹ́ Ìyákẹ́ wà ní orí òkè náà, èyí tí ó sọ ibẹ̀ di olókìkí. Inú kòtò akọ òkúta ni omi náà dúró sí. Àwọn ará ìlú gbà pé òrìṣà ni ó ni omi náà àti pé ó lè fún àgàn ní ọmọ. Wọ́n tún gbà pé kò ní ìsàlẹ̀, nítorí náà wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni Iṣágẹ̀ wà. Òkúta ńlá ni Iṣágẹ̀, ó fi etí kan ṣoṣo dúró lórí àpáta, kò sì ṣubú. Àwọn baba ńlá Adó gbé orí òkè yìí nígbà ogun kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí ìlú wà báyìí.

Òkè Ìdànrè

Òkè Ìdànrè wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Odindi ìlú kan ni ó wà ní orí rẹ̀. Láàárín àwọn òkè gíga tí ó yí i ká bí odi ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀rúndún púpọ̀, títí di ọdún 1923 tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn ogun ti tán, ojú ọ̀nà àti ọjà sì ti wà ní ìsàlẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ìlú àtijọ́ náà yóò gun àtẹ̀gùn tí ó ju 600 lọ, pẹ̀lú àwọn ibi ìsinmi lójú ọ̀nà. Ní orí òkè ni ààfin àtijọ́ ti Ọwá Ìdànrè wà, pẹ̀lú ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896. A tún ń fi ojú ẹsẹ̀ Àgbóógùn han àlejò lára àpáta. Ìgbàgbọ́ àwọn ará ìlú ni pé ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbàlagbà máa ń bá a mu bákan náà, àfi ti oṣó tàbí àjẹ́. Òròsùn ni orúkọ òkè tí ó ga jù nínú wọn, ó sì tún jẹ́ orúkọ òrìṣà obìnrin tí ìlú ń bọ lọ́dọọdún. Bí ọdún bá dé, àwọn ará ìlú a tún gun òkè lọ sí ilé àtijọ́. Ní ọdún 2007, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fi Òkè Ìdànrè sí inú àkójọ àwọn ibi tí ó ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ Ibi Àjogúnbá Àgbáyé.

Àwọn òkè Ìdáàṣà

Ilẹ̀ àpáta náà kò dúró sí ẹnubodè Nàìjíríà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Ìdáàṣà, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan Yorùbá, tẹ ìlú wọn dó sí àárín òkè mọ́kànlélógójì. Dassa-Zoumé ni àwọn Faransé ń pè é. Àwọn òkè yìí ni wọ́n sá sí nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ihò àpáta kan tí ń jẹ́ Arigbo wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì sì ti sọ ọ́ di ojúbọ Màríà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ ní oṣù Ògún, ìyẹn oṣù kẹjọ ọdún. Ìdáàṣà fi hàn pé ẹ̀sìn lè yí padà kí ọ̀wọ̀ tí a ní fún àpáta má yí padà.

Àwọn omi

Omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì

Ní Ìkọ̀gòsì, Ìpínlẹ̀ Èkìtì, omi gbígbóná kan àti omi tútù kan ń sun láti inú ilẹ̀ ní ibi tí kò jìnnà síra. Àwọn méjèèjì ń ṣàn títí wọ́n fi pàdé, wọ́n sì ń lọ pọ̀. Ìgbóná omi àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 70 lórí òṣùwọ̀n Selsiọ́ọ̀sì ní orísun rẹ̀, ó sì máa ń rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 37 kí ó tó dé ibi ìpàdé. Kò sí òkè oníná ní agbègbè náà. Omi òjò ni ó gba inú sísán òkúta wọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí ó ti gbóná, tí ó sì tún rí ọ̀nà padà sókè kí ó tó tutù.

Àwọn ará ìlú ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní ọdẹ kan ní ìyàwó méjì, ọ̀kan jẹ́ oníwà tútù, èkejì sì jẹ́ onínúfùfù. Nígbà tí ìjà wọn pọ̀ jù, àwọn méjèèjì di omi. Ìpàdé omi náà ni wọ́n fi ń kọ́ni pé ìwà méjì lè gbé pọ̀ láìpa ara wọn run. Ní ọdún 1952, àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà kọ́ àgọ́ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí kì í ṣe ará ìlú ti ń wá wẹ̀ níbẹ̀.

Omi Olúmìrin

Omi Olúmìrin ń já bọ́ láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ìpele méje ni ó ní. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá ìpele kìíní tàbí èkejì, nítorí pé ọ̀nà òkè rẹ̀ ga, ó sì ń yọ̀. Ìtàn sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akínlà, láti ìdílé Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí omi náà nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Ó rò pé òrìṣà mìíràn ni. Wọ́n gbà pé láti inú èyí ni orúkọ omi náà ti wá. Àwọn ará ìlú gbà pé omi náà ń wẹ ẹ̀mí mọ́, wọ́n sì ń bọ ọ́.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Ní ìgbà àtijọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìlú Yorùbá tí kò ní igbó ọ̀wọ̀ lẹ́yìn odi rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti di oko tàbí ilé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni ó ṣẹ́kù tí ó tóbi jù. Ó gba hẹ́kítà 75, odò Ọ̀ṣun ń ṣàn gba inú rẹ̀, ogójì ojúbọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ère.

Ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú náà jẹ́ ìtàn igi gígé. Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò nítorí àìrí omi. Igi kan tí wọ́n gé ṣubú sínú odò. Ohùn kan sì dìde láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Wọ́n tuba fún Ọ̀ṣun, wọ́n kúrò ní etí odò lọ sí ilẹ̀ tí ó ga, wọ́n sì bá òrìṣà náà mulẹ̀ pé àwọn yóò máa bọ ọ́ lọ́dọọdún, òun náà yóò sì máa dáàbò bo ìlú. Láti ìgbà náà ni ó ti di èèwọ̀ láti gé igi, láti ṣọdẹ, láti pẹja tàbí láti dáko nínú igbó náà. Àtáọ́ja ni ó ń ṣe olórí ọdún Ọ̀ṣun, tí ó máa ń wáyé ní oṣù kẹjọ. Wúńdíá tí wọ́n ń pè ní Arugbá ni ó máa ń ru igbá ẹbọ ìlú láti ààfin lọ sí odò.

Nígbà tí ó fi di ọdún 1950 sí 1960, májẹ̀mú yìí ti ń rọ̀. Àwọn olùbọ ti dín kù, àwọn ojúbọ amọ̀ ń wó, àwọn kan sì ti ń gé igi tà. Ní àkókò yìí ni Susanne Wenger wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Austria ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, ó di olórìṣà, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ ní Àdùnní. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, lára wọn Adébísí Àkànjí, Buraimoh Gbàdàmọ́sí àti Kàsálí Àkàngbé, tún àwọn ojúbọ kọ́, wọ́n sì gbé ère ńláńlá sí àwọn ibi tí àwọn ènìyàn ti fẹ́ gba ilẹ̀. Ní ọdún 1965, ìjọba Nàìjíríà kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1992 ó fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75. Àjọ UNESCO kà á mọ́ Ibi Àjogúnbá Àgbáyé ní ọdún 2005. Wenger kú ní oṣù kìíní ọdún 2009.

Àwọn iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn

Àwọn ibi kan wà tí ojú lè rò pé ilẹ̀ ni ó dá wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó ṣe wọ́n. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni Erédò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó sún mọ́ Èkó ju ọ̀pọ̀ ibi tí a ti dárúkọ lọ. Yàrà àti odi amọ̀ ni. Gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà, ó sì yí agbègbè ńlá ká. Ní àwọn ibi kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Peter Lloyd kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1959. Ìwádìí Patrick Darling ní ọdún 1990 sí 1999 sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn fojú díwọ̀n pé ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ.

Ìtàn Ìjẹ̀bú sọ pé Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà tí Bíbélì àti Kùránì mẹ́nu bà. Ọjọ́ orí Erédò kò gba èyí láyè, nítorí pé ìgbà Sólómọ́nì fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀, ìtàn náà fi hàn bí àwọn ará ìlú ti gbé obìnrin náà ga tó.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Akọ òkúta tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n sì gbé nàró ni. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mítà márùn-ún àti ààbọ̀, àwọn ìṣó irin sì tò sí ara rẹ̀.

Èèwọ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ìdáàbòbò

Bí a bá gbé àwọn ibi wọ̀nyí yẹ̀ wò papọ̀, àpẹẹrẹ kan náà ni ó ń jáde. Ibì kan gba àwọn ènìyàn là tàbí ó fún wọn ní omi. Wọ́n gbà pé òrìṣà kan wà níbẹ̀. Wọ́n yan àwòrò tí yóò máa ṣọ́ ọ. Wọ́n sì fi èèwọ̀ sí i. Èèwọ̀ wíwọ inú adágún Ìyákẹ́ mú kí omi náà mọ́. Èèwọ̀ igi gígé ní Òṣogbo ni ó jẹ́ kí igbó ńlá ṣẹ́kù sí ẹ̀gbẹ́ ìlú tí ó ti tóbi. Nítorí náà, ẹwà tí àlejò ń sanwó láti wò lónìí jẹ́ èrè ìpamọ́ tí àwọn mìíràn ti ṣe. Ibi tí àwòrò kò bá sí mọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì rọ́pò rẹ̀, igi àti ilẹ̀ ibẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Àwọn ewu

Agbára èèwọ̀ ní ààlà: kì í kọjá ibi tí àwọn tí ó gbà á gbọ́ ń gbé. Odò Ọ̀ṣun fi èyí hàn gbangba. Láti ilẹ̀ Èkìtì ni odò náà ti ń sun, ó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé Òṣogbo, ó sì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà ní ìhà Ẹ̀pẹ́. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn awakùsà ń wa wúrà ní etí àwọn odò tí ń ṣàn sínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fi ń yọ wúrà ń bọ́ sínú omi, àwọ̀ odò náà sì ti yí padà di bí àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ní ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Fún àwọn olùbọ tí ń bu omi Ọ̀ṣun lọ sílé fún ìwòsàn àti fún ọmọ, ìkìlọ̀ náà kan ọkàn ìsìn wọn. Igbó náà wà lábẹ́ ààbò òfin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ọgbà yí odò ká.

Ewu ti Erédò yàtọ̀ sí èyí. Nítorí pé ó gùn, tí àwọn igi sì bò ó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba orí rẹ̀ kọjá láìmọ̀. Oko, ilé àti ọ̀nà mọ́tò ti jẹ nínú rẹ̀. Láti ọdún 1995 ni ó ti wà nínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà ń fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ Ibi Àjogúnbá Àgbáyé. Ní ti àwọn òkè, fífọ́ òkúta fún iṣẹ́ ilé àti ọ̀nà ń lọ lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ agbègbè àpáta. Òkè tí kò ní orúkọ àti ojúbọ ni ó sì rọrùn jù láti fọ́.

Ìrìnàjò láti Àgídìngbì àti Agége

Òkè Olúmọ ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó wà ní agbègbè yìí. Ojú irin tuntun tí ó so Èkó àti Ìbàdàn pọ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ní ibùdókọ̀ ní Agége àti ní Abẹ́òkúta. Ènìyàn lè lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà. Fún Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn àti àwọn ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn arìnrìn-àjò máa ń wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́dú Bẹ́gà, ní ẹnu ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìrìnàjò lọ sí Òṣogbo lé ní 200 kìlómítà; Ìdànrè, Ìkọ̀gòsì àti Erin-Ìjẹ̀ṣà ń béèrè pé kí ènìyàn sùn lọ́nà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún òkè gígùn, nítorí pé àpáta máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Omi Olúmìrin máa ń kún jù ní ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn náà ni gígun àwọn ìpele òkè rẹ̀ léwu jù. Ní gbogbo ibi tí ojúbọ bá wà, ó tọ́ kí àlejò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ó tó ya àwòrán, kí ó tó fọwọ́ kan ohun kan tàbí kí ó tó wọ ibi tí wọ́n sé. Àwọn ibì kan ní èèwọ̀ bàtà, àwọn mìíràn sì wà tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè wọ̀ ọ́. Ní ibojì Súngbọ́, fún àpẹẹrẹ, àṣà kò gba obìnrin láyè láti wọ inú ọgbà náà. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá lọ sí etí odò Ọ̀ṣun wo odò náà láìmu omi rẹ̀.